Dè É, Dẹ̀ Ẹ́: Àkókò Tí À Ń Kọ́ Afárá

Ajé, ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ògbufọ̀ lónìí. Ọ̀gá tó ń kọ́ afárá náà bi mí pé èdè wo àti wo ni mo gbọ́. Mo ní Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, àti Haúsá tó mọ níwọ̀n.

Wọ́n ní, "Súwàhílì ńkọ́, Àǹtí?"

Mo ní mi ò gbọ́ ọ.

"Ẹ máa gbọ́ ọ. Ẹni tó ń mú okùn wa, òun ló ń sọ."

Afárá ẹlẹ́sẹ̀ ni. Wáyà nínípọn ni wọ́n máa ta láti orí òpó irin tó wà létí odò níhìn-ín dé orí èkejì rẹ̀ lódìkejì, kí wọ́n tó wá to pákó sí i. Ó gbọ́dọ̀ parí kí òjò tó dé. Ìyá mi ń gbé lódìkejì. Lásìkò òjò tó kọjá, nígbà tí odò kún tí ọlọ́kọ̀ ò lè wa ọkọ̀ mọ́, orí fóònù ni mo ti ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wúkọ́. Èmi ọmọ wọn ò lè gbé omi gbígbóná lásán fún wọn.

Oòrùn mú. Bàtà mi ò bá iyanrìn yìí mu rárá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Mo ti ń mọ àwọn èèyàn mi. Ajórin ni ẹni tó ń jó irin pọ̀. Haúsá ló ń sọ, ó sì ń sọ ọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Ìyá Pákó ni gbẹ́nàgbẹ́nà wa, Faransé ni tiwọn. Obìnrin kúkúrú ni wọ́n, ọwọ́ wọn le bí igi tí wọ́n ń gbẹ́, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn níṣẹ́. Olókùn ni ẹni tí Ọ̀gá wí. Àgbàlagbà tó ga, tí ohùn rẹ̀ rọ̀. Wọ́n ti gbọ́ Yorùbá díẹ̀, etí lásán ni wọ́n fi kó o jọ.

Ajórin ló sọ wọ́n ní Olókùn. Mo ṣàlàyé fún wọn pé tí ohùn ẹni bá ṣì í pè, ẹni tó ni òkun ni wọ́n máa dà.

Wọ́n rò ó wò. "Ìyẹn náà dáa," ni wọ́n wí.

Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Nígbà tí a jókòó mu tíì, Ajórin fẹjọ́ Yorùbá sùn mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín ti pọ̀ jù. Pákó mọ́ pákó, ẹ ní kàn. Aṣọ mọ́ aṣọ, ẹ ní rán. Ìwé mọ́ ìwé, ẹ ní lẹ̀. Ẹrù, ẹ ní dì. Ewúrẹ́, ẹ ní so. Olè, ẹ ní dè. Irin tèmi yìí, ẹ ní mò ń jó o, bí ẹni pé mo fẹ́ sọ ọ́ di eérú. Ṣé ẹ ò lè mú ẹyọ kan kí gbogbo wa sinmi?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Dáúrè. Ewúrẹ́, dáúrè. Ẹrù, dáúrè. Ẹni tó wà lẹ́wọ̀n, wọ́n ti dáúrè rẹ̀. Ìyàwó mi náà, ọjọ́ tí mo fẹ́ ẹ, dáúrè ni."

Mo sọ fún un pé àwa náà ń so yìgì. Olókùn gbé ife tíì wọn sílẹ̀, wọ́n ní tiwọn ni fúnga. Wọ́n ń fúnga okùn, wọ́n ń fúnga ilẹ̀kùn, wọ́n ń fúnga ìgbéyàwó, ẹni tó bá sì ń gbààwẹ̀, òun náà ń fúnga. Mo ronú sí i títí mo fi délé. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn ẹnu ara rẹ̀ nìyẹn.

Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi. Nọ́ọ̀sì ni, àárẹ̀ ti mú un. Ó ní, "Iṣẹ́ ni wọ́n gbà ọ́ fún, o wá ń ṣa ọ̀rọ̀ bí ẹni ń ṣẹ́gi wálé."

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Ìyá Pákó ti ṣubú.

Mo wà nínú ọ́fíìsì, mò ń túmọ̀ ìwé àwọn tó ń ta wáyà. Mo gbọ́ igbe, mo sáré jáde. Ohun tí gbogbo wọn sọ fún mi nìyí: Ìyá Pákó wà lórí pẹpẹ tí wọ́n fi okùn gbé kọ́ sára òpó, Olókùn di ìdí okùn náà mú nísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ dé, pẹpẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Ọ̀gá kígbe pé kí Olókùn dè é. Olókùn sì tú okùn sílẹ̀. Okùn ò já, kò sì yọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi dẹ̀ ẹ́, lójú gbogbo ayé.

Orí iyanrìn ni Ìyá Pákó bọ́ sí. Ká ní orí àpáta ni, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ. Ẹsẹ̀ òsì kán. Ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí wọ́n gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Ó ní dókítà ti to egungun náà, pé wọn ò sunkún, èébú ni wọ́n ń bú.

Mo ní, "Èébú ta ni?"

"Faransé ni. Ìwọ ni ògbufọ̀."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Ọ̀gá ní Olókùn máa lọ lọ́jọ́ Ẹtì. Kálukú ti ń rántí pé Olókùn àti Ìyá Pákó bára wọn jà lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí ibi tó yẹ kí wọ́n ti so pákó. Wọ́n ní Olókùn ti ń dì í sínú.

Mo bá Olókùn níbi tí wọ́n ti ń ká okùn jọ. Wọn ò gbójú sókè.

"Kí ni Ọ̀gá wí fún yín lánàá?"

Wọ́n dáhùn, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí màá ṣe kọ ohun tó jáde lẹ́nu wọn sílẹ̀. Kì í ṣe "dè é", kì í sì í ṣe "dẹ̀ ẹ́". Àárín méjèèjì ló wà. Mo rọra sọ àkọ́kọ́ fún wọn. Mo sinmi díẹ̀, mo sọ ìkejì.

Mo ní, "Èwo ló túmọ̀ sí kí ẹ so ó le?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọ̀rọ̀ kan náà lẹ sọ lẹ́ẹ̀mejì, ìyá mi. Mo máa ń wo ojú ẹni kí n tó mọ èyí tó ń wí. Lánàá, ojú mi wà lára okùn."



Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo gbé e tọ Ọ̀gá lọ. Wọ́n ní, "Ẹ fẹ́ kí n dá a láre nítorí àmì tó wà lábẹ́ lẹ́tà?"

Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká dán an wò. A so agbá òfìfo kọ́, Olókùn di ìdí okùn mú, wọ́n kọ̀yìn sí mi. Mo ń pe ọ̀rọ̀ méjèèjì ní ìdàrúdàpọ̀. Agbá ń wálẹ̀ nígbà tó yẹ kó dúró, ó ń dúró nígbà tó yẹ kó wálẹ̀. Ajórin bọ́ síbẹ̀ láti fi hàn pé òun mọ̀ ọ́n. Agbá já bọ́ lulẹ̀ gbàà lọ́wọ́ òun náà. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí.

Mo wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sódìkejì, kí wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún tí wọ́n bá gbọ́ "dè", kí wọ́n na ọwọ́ òsì tí wọ́n bá gbọ́ "dẹ̀". Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láàárín wa. Ọmọ Yorùbá ni Ọ̀gá, ọmọ Yorùbá ni mí, ẹnu mi ò sì wú. Síbẹ̀ wọ́n ń ṣì í. Wọ́n na ọ̀tún fún òsì, wọ́n na òsì fún ọ̀tún, nígbà tó yá wọn ò na ìkankan mọ́.

Wọ́n padà dé, wọ́n fún omi kúrò létí ṣòkòtò wọn. "Ọkùnrin yẹn ò lọ síbì kankan," ni wọ́n wí. Wọ́n tún ní, "Ṣùgbọ́n mi ò ní ta wáyà kankan títí ẹ máa fi rí ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa lè gbọ́. Àǹtí, ọwọ́ yín ló wà. Òjò ò ní dúró de gírámà."

Mo dábàá àsíá. Olókùn ní ojú òun ò gbọdọ̀ kúrò lára okùn. Ẹnì kan dábàá fèrè, àmọ́ àwọn ọmọdé etí odò ń fọn tiwọn látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Èmi àti Olókùn lọ sílé ìwòsàn. Ìyá Pákó rí Olókùn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n yíjú sí ògiri. Olókùn dúró díẹ̀, wọ́n gbé ọsàn tí wọ́n rà sílẹ̀, wọ́n jáde.

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ méjèèjì ní Faransé. Ìyá Pákó gbọ́ mi tán. Wọ́n ní, "Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ ló ṣẹ́ mi lẹ́sẹ̀? Ta ni kí n wá bínú sí, àwọn baba ńlá yín?"

Wọ́n bó ọsàn kan kí n tó kúrò.

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Mo rò pé mo ti rí ojútùú. Mo ní ká pa "dè" tì, ká máa lo "so". Ọ̀rọ̀ tó mọ́, tó kúrú. Inú mi dùn débi pé mo ra búrẹ́dì fún gbogbo ilé.

Lọ́sàn-án, Ajórin wà lórí òpó pẹ̀lú òòlù ńlá. Mo rí i pé òòlù lè já bọ́ lu èèyàn, mo sì fẹ́ kó so ó mọ́ ìgbànú. "So ó!" ni mo wí.

Ajórin wo òòlù. Ó wò mí. Ó sọ ọ́ sódò.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó yà mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ ọ́."

Olókùn rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ tí Ìyá Pákó ti ṣubú. Òòlù ti wọ́n sí i báyìí, Ọ̀gá sì fẹ́ mọ bí àwọn ṣe máa ṣàlàyé èyí tó lọ. Mo túmọ̀ ìbéèrè náà fún Ajórin. Ó ní kí n sọ pé afẹ́fẹ́ ni.

Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún

Olókùn bi mí léèrè pé kí ló dé tí igi fi ń so èso. "Kí ni ó ń so èso mọ́? Ṣé èso fẹ́ sá lọ ni?" Láti kékeré ni mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, kò wá sí mi lọ́kàn rí. Bóyá ọ̀rọ̀ méjì tó jọra lásán ni. Bóyá ẹni àkọ́kọ́ tó sọ ọ́ rí i pé ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ló di èso mú mọ́ igi. Mo lọ wo igi ọsàn tó wà lẹ́yìn ilé wa, mo wo ibi tí èso ti so mọ́ ẹ̀ka. Ọkọ mi ń wò mí lójú fèrèsé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

A lo gbogbo ọjọ́ létí odò, Ọ̀gá lódìkejì, àwa níhìn-ín.

Olókùn mú tiwọn wá. Tí wọ́n bá fẹ́ kí ènìyàn dì í, "fúnga." Tí wọ́n bá fẹ́ kó tú u, "fungúà." Ọ̀gá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. A tún un ṣe, wọ́n tún gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Olókùn jókòó sórí iyanrìn, wọ́n ń sọ méjèèjì sí ara wọn létí. "Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi," ni wọ́n wí, "mi ò mọ̀ pé wọ́n jọra." Ajórin ní, "Ẹ̀yin náà." Kò sẹ́ni tó bá a wí.

Mo mú Faransé jáde: "sérè", fún un le, "désérè", dẹ̀ ẹ́. Afẹ́fẹ́ gbé "dé" lọ, "sérè" nìkan ló gúnlẹ̀. Ìyẹn burú ju tiwa lọ, torí ìdajì ọ̀rọ̀ náà ni òdìkejì rẹ̀.

Ajórin yan jáde pẹ̀lú Haúsá. "Dáúrè" rẹ̀ dún gbọnmọgbọnmọ, Ọ̀gá na ọwọ́ ọ̀tún lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n "kwance", tí í ṣe tú u, kò dé ìdajì odò.

Ọ̀gá fúnra wọn gbìyànjú Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí wọ́n dé. Wọ́n ní àwọn atukọ̀ máa ń ní kí okùn jẹ́ "fáàsì", kó dúró digbí. Ajórin gbọ́ "fáàsì", ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ọ̀rọ̀ kan náà ló túmọ̀ sí kíákíá, òun náà ló túmọ̀ sí ohun tí kì í mì. Wọ́n sì fi ń pe ààwẹ̀ pẹ̀lú, bíi fúnga ti Olókùn. Mi ò mọ ẹni tó kọ́ ẹnì kejì.

Ohun tó ń yí mi lórí ni pé èdè lẹ́yìn èdè ló fi dídì àti títú sínú yàrá kan náà. Bóyá torí pé ọwọ́ kan náà ló ń ṣe méjèèjì.

Ẹtì, ọjọ́ kìíní, oṣù kẹta

Wáyà dé, ó wọ́n ju bí wọ́n ti wí lọ. Ìkùukùu wà ní ìwọ̀ oòrùn. Ìyá mi pè, wọ́n ní àwọn ti ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀. "Díẹ̀díẹ̀" ti ìyá mi, mo mọ̀ ọ́n.

Ajé, ọjọ́ kẹrin

Ìyá Pákó ránṣẹ́ pè mí. Ọkọ mi ti ń ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn nígbà tó bá ń dì wọ́n lẹ́sẹ̀, títí kan òòlù tó wọ odò. Wọ́n ní kí n ka gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún àwọn. Wọ́n dijú, wọ́n ń gbọ́. Obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì náà dijú.

Nígbà tí mo parí, wọ́n ní, "Aṣiṣe yín ni pé ẹ̀ ń mú ọmọ ìyá méjì. Ọmọ ìyá máa ń jọra. Tí mo bá fẹ́ kí ilẹ̀kùn lágbára, mi ò kì í gé gbogbo pákó rẹ̀ lára igi kan. Ẹ mú dídì nílé kan, kí ẹ mú títú nílé mìíràn."

Mo wò wọ́n. Mo ní, "Dáúrè. Fungúà."

Wọ́n pe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. "Fungúà yẹn, ta ló ni ín?"

"Olókùn."

Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ ò mọ̀ pé òun ló ni ín. Ẹ lò ó."

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Afẹ́fẹ́ le ju ti ìgbàkígbà lọ. Ọ̀gá wà lódìkejì, mo ń pe "dáúrè" àti "fungúà" sí wọn. Wọn ò ṣi ọwọ́ kan na. Ìkankan.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

A fi agbá ṣe ìdánrawò láti àárọ̀. Olókùn ní ẹnu kan ṣoṣo ni kó máa pe ọ̀rọ̀, pé okùn tí ènìyàn méjì bá ń pàṣẹ fún kò ní olúwa. Ọ̀gá gbà. Wọn á máa sọ ọ́ sí mi létí, èmi á máa pè é. Wọ́n ti wá fi mí joyè igbe kíké. Ọkọ mi ní oyè náà tọ́ sí mi láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

A ta wáyà lónìí.

Èkíní lọ wọ́ọ́rọ́. Ẹ̀rọ ń fà á láti òdìkejì, Olókùn ń dẹ ìrù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ níhìn-ín pẹ̀lú okùn tí wọ́n wé mọ́ òpó kékeré. Mo ń pe "fungúà", mo ń pe "dáúrè", ó sì ń rí bẹ́ẹ̀. Ajórin wà lórí òpó lódìkejì láti gba wáyà mú.

Èkejì ti kọjá agbede méjì odò nígbà tí ìjì dé. Wáyà bẹ̀rẹ̀ sí í fì bí okùn tí ọmọdé ń fò, ẹnu rẹ̀ sì dojú kọ ibi tí Ajórin dúró sí. Ọ̀gá gbàgbé ẹni tó ń pe ọ̀rọ̀. Wọ́n kígbe, "Ẹ dè é! Ẹ dè é!"

Olókùn ò ṣe nǹkan kan. Wọn ò wẹ̀yìn. Okùn ń yọ̀ lọ láàárín àtẹ́lẹwọ́ wọn, mo rí i bí wọ́n ṣe tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n dẹtí. Ohùn mi ni wọ́n ń dúró dè. Ṣùgbọ́n wáyà ni mò ń wò, mi ò tíì pè é. Ọ̀gá tún kígbe. Olókùn tún dúró.

Mo pè é. "Dáúrè!"

Wọ́n yí okùn mọ́ òpó lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Wáyà fà le, ó dúró. Ajórin tẹ̀ síwájú, ó nawọ́, ó fi ọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti so gbogbo rẹ̀ tán ni mo tó rí àtẹ́lẹwọ́ Olókùn. Awọ ti ṣí níbi tí okùn gbà. Ọ̀gá mú ọwọ́ náà, wọ́n wò ó.

"Kí ló dé tí ẹ ò dá mi lóhùn?"

Olókùn ní, "Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ, Ọ̀gá. Mo gbọ́ pé ẹ̀rù ń bà yín."

Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Òjò àkọ́kọ́. Pákó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òdìkejì. Ilé ìwòsàn ti dá Ìyá Pákó sílẹ̀, wọ́n jókòó sórí àga lábẹ́ agboòrùn pẹ̀lú ẹsẹ̀ wọn tó le gbagidi, wọ́n ń bú gbogbo ẹni tó bá fi ìṣó kan igi wọn láìdáa. Wọn ò tíì bá Olókùn sọ̀rọ̀. Ó di, "Ẹ sọ fún ẹni yẹn kó fún okùn apá òsì le." Mo sọ fún ẹni yẹn. Ẹni yẹn ní kí n bá òun sọ pé ó ti le. Mẹ́ta la jókòó síbi kan náà, mo sì ń pààrà bí ẹni pé odò wà láàárín wọn.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹrin

Odò ti kún dé etí. Afárá dúró.

Mo gba orí rẹ̀ kọjá láàárọ̀ nínú òjò. Ìyá mi ò mọ̀ pé mò ń bọ̀. Wọ́n bá mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fọwọ́ kan aṣọ mi pé ṣé ó gbẹ, kò gbẹ, wọ́n sì bá mi wí gidigidi. Mo gbé omi kaná fún wọn. Wọ́n wúkọ́, mo jókòó tì wọ́n létí ibùsùn títí wọ́n fi sùn.

Nígbà tí mò ń padà bọ̀ lọ́sàn-án, mo rí Ìyá Pákó níwájú mi, ọ̀pá méjì lábẹ́ apá. Wọ́n ní dandan ni kí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn tẹ pákó ara wọn. Olókùn ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, kò súnmọ́ wọn, kò sì jìnnà. Ní agbede méjì, afẹ́fẹ́ dé, gbogbo rẹ̀ mì lábẹ́ wa. Ìyá Pákó dúró. Ọ̀pá kan yọ̀.

Wọ́n ní, "Ó ń mì." Wọn ò wẹ̀yìn. Yorùbá ni, àbí ohun tó jọ ọ́.

Olókùn ní, "Ó yẹ kó mì. Èyí tí kò bá mì ló ń já."

Ìyá Pákó ronú sí i. Wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn láìwo ibi tí wọ́n nà án sí. Olókùn bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ wọn, wọ́n gbé ọwọ́ náà lé èjìká. Ọ̀rọ̀ ń lọ láàárín wọn bí wọ́n ṣe ń rìn, Faransé díẹ̀, Súwàhílì díẹ̀, Yorùbá tí ohùn rẹ̀ ò bára mu. Mo la ẹnu láti túmọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn. Mo pa ẹnu dé, mo sì rọra ń tẹ̀lé wọn bọ̀.